Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ń Ra Iyùn Mọ Ibi Tó Ti Wá

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ń bí mi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó ń sin ẹja àti iyùn ààyè (ẹ̀dá inú òkun ni mo ń sọ, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn) nínú táńkì ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ń ka ìwé ìròyìn yín.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí Trachyphyllia pupa kan, irú iyùn olókùúta kan, £85 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo béèrè pé ṣé inú òkun ni wọ́n ti hú u ni, àbí ńṣe ni wọ́n sìn ín. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní òun ò mọ̀. Mo bi ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí n má da òun láàmú, bí n ó bá rà á, kí n rà á.

Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Iyùn olókùúta wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó àti òkun. Wọn kì í kó o wọ ilẹ̀ yìí láìsí ìwé àṣẹ, orí ìwé náà gan-an ni wọ́n sì ti ń kọ lẹ́tà W sí èyí tó ti inú òkun wá, tí wọ́n ń kọ C tàbí F sí èyí tí wọ́n sìn. Ìdáhùn ìbéèrè mi ti wà lórí ìwé kí iyùn náà tó dé ṣọ́ọ̀bù! Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ná owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i?

Àwọn aláṣẹ á lu òǹtẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó tán. Kò sẹ́ni tó ń tọ ọjà náà dé orí àtẹ. Ìjókòó ọ́fíìsì ti mọ́ wọn lára jù. Bẹ́ẹ̀ òkun ń gbóná: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé ooru tún ti ń mú kí iyùn máa funfun káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀. Ṣé èyí tó ṣẹ́kù la ó tún máa hú láìmọ̀?

Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ara wa, àwa tá à ń sin iyùn, ni ká ti máa rà. Ẹ̀ka Acropora, irú iyùn tó ń yọ ẹ̀ka bí igi, tí kò ju orí ìka lọ, tí a fi gúlúù lẹ̀ mọ́ òkúta pẹlẹbẹ, á mú bí igi ẹ̀gẹ́ tí a gbìn. Ẹni tó gé e á fi ìyá iyùn tó ti gé e hàn yín nínú táńkì tirẹ̀, á sọ bí omi rẹ̀ ṣe níyọ̀ tó, irú iná tó ń tàn sí i, àti bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀. Iyùn bẹ́ẹ̀ ti mọ táńkì lára, kì í tètè kú bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun dé. Ẹ ṣáà rẹ ẹ́ sínú omi oògùn kí ẹ tó kó o wọlé, nítorí kòkòrò. Àwọn ẹgbẹ́ olùsìn iyùn máa ń pàdé láti ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ wá wọn lọ.

Àwọn kan á ní bí a ò bá ra ti inú òkun mọ́, ebi á pa àwọn apẹja Indonéṣíà tó ń hú u tà. Ṣùgbọ́n àwọn ará etíkun Bali, ní Indonéṣíà kan náà, ń sin iyùn lórí àgbékà nínú òkun. Ẹ jẹ́ ká ra tiwọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé tiwọn ni.

Kí àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà W, C tàbí F yẹn sí ẹ̀gbẹ́ iye owó. Kí ìjọba sì bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá kọ̀.

Olùkàwé yín,
Lọ́ńdọ̀nù.