Ẹsẹ̀ Camry lábẹ́ Corolla

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ táyà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi wa Corolla rẹ̀ wá sílé wa ní Òkè-Fìà, ẹsẹ̀ Camry ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ríìmù onínṣì 16, ó ń dán bíi dígí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe dúró!" Ó dúró lóòótọ́. Ẹni tó tà á fún un ní ihò nọ́ọ̀tì márààrún ti bára mu, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó ibẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́: 195/65R15. Ara táyà tuntun ní 215/60R16. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èkejì ń sọ bí rọ́bà ṣe ga sí, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. Ìkẹta ni ríìmù ní ínṣì. Mo fi fóònù ṣírò rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ríìmù, táyà àtijọ́ ga tó nǹkan bíi mìlímítà 634, tuntun tó 664.

Aago eré kì í wo ojú títì, iye ìgbà tí táyà yí ló ń kà. Táyà tó ga sì máa ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀ sí i bó bá ṣe yí lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí Corolla yẹn ti ń sá 80 tẹ́lẹ̀, ó ti di bíi 84, aago ò mọ̀. Ẹ̀rọ tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ń wọn eré kì í sì í bi aago ẹnikẹ́ni léèrè.

A wà á jáde. Nígbà tí ó yí sítíárìn dé òpin ní Ọláìyá, a gbọ́ "gìrììì". Táyà ti ń ha ara ọkọ̀ nínú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fá, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wà nínú rẹ̀! Ká ní ẹrù Ọjà Ọba ló kún un ńkọ́? Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò tí a ò sọ fún pé a yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà lè rí àwíjàre tí wọn ò fi ní sanwó.

Mi ò ní kí ọ̀dọ́ má ṣe fáàrí. Bó bá jẹ́ 16 ló wù ú, 205/55R16 ga tó 632, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Kó wo nọ́ńbà ẹrù pẹ̀lú, èyí tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí táyà lè gbé: 91 túmọ̀ sí kílò 615 fún táyà kan, kó má ṣe lọ sílẹ̀ ju ti ìwé ara òpó lọ. (Rọ́bà rẹ̀ kúrú díẹ̀ o, kòtò ìlú wa ò sì mọ ríìmù olówó.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ríìmù, ẹ máa bi oníbàárà yín pé ọkọ̀ wo ló fẹ́ fi sí. Àbúrò wa ti dá tirẹ̀ padà. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n yọ nínú owó rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo