Àwọn òkè tí kò lórúkọ ni kí ẹ fún àwọn ọmọ ogun wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ọmọ ogun rọ́pò orúkọ Òkè Sóbí tó wà n'Ílọrin. Bí ìjọba Kwara bá fẹ́ fi òkè bu ọlá fún àwọn ọmọ wa tó bógun lọ, tó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́, àwọn òkè tí kò lórúkọ ni kí wọ́n wá lọ. Wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti ní Èkìtì Kwara.

Nọ́ńbà lásán ni Íńdíà fi ń pe òkè kan ní Kargil: Point 4875, torí mítà 4,875 ni gíga rẹ̀. Ibẹ̀ ni Kápútẹ́ẹ̀nì Vikram Batra, ọmọ ogun Íńdíà, kú sí lójú ogun lóṣù keje ọdún 1999. Wọ́n fún un ní Param Vir Chakra, àmì ẹ̀yẹ akíkanjú tó ga jù ní Íńdíà, òkè náà sì di Batra Top. Wọn ò gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú kankan kí wọ́n tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Manitoba ní Kánádà, tó fi orúkọ ọmọ ogun tó ju 4,000 lọ sọ àwọn adágún àti erékùṣù tí kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ní Jasper, lórílẹ̀-èdè kan náà, òkè márùn-ún ń jẹ́ orúkọ àwọn tó gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ akíkanjú ti Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta nínú wọn, Kinross, Kerr àti Pattison, sì jẹ́ ṣójà kékeré tí kò lókùn léjìká. Bárékè ni àwa máa ń sọ lórúkọ, ojú ogun Bọ́mà la sì fi ń sọ ọ́: Myohaung l'Ékòó, Letmauk n'Íbàdàn, Dalet ní Kàdúná. Àwọn tó kú lójú ogun wọ̀nyẹn ńkọ́?

Kí a má kánjú ṣá o. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, wọ́n fi orúkọ Pétain, ọ̀gágun Faransé tó gbayì lójú ogun Verdun, sọ òkè kan ní ààlà Alberta àti British Columbia ní Kánádà nígbà tó ṣì wà láàyè. Nígbà ogun kejì, ó bá Hitler ṣe, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ọ̀dàlẹ̀. Alberta yọ orúkọ náà lọ́dún 2019, British Columbia yọ tirẹ̀ ní 2022. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí ọdún márùn-ún kọjá lẹ́yìn ikú ẹni kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè. Nígbà tí Lori Piestewa, obìnrin ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kú ní Ìráàkì lóṣù kẹta ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Arizona kò dúró. Oṣù tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè kan ní Phoenix. Ìjọba àpapọ̀ kò fọwọ́ sí i títí di 2008. Kí àwa náà gba ọdún márùn-ún yẹn lófin.

Iṣẹ́ gidi wà nínú wíwá òkè. Òkè tí ará ìlú ò mọ orúkọ rẹ̀ lè ní orúkọ lẹ́nu ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí darandaran, kí wọ́n sì bi àwọn tó wà lápá méjèèjì òkè, torí orúkọ apá ìhín lè yàtọ̀ sí ti ọ̀hún. Bí òkè bá wà láàrin ìlú méjì, kí ìlú méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé orúkọ náà kò fún ẹbí kankan ní ilẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á gbé máàpù tó ní orúkọ náà lọ sílé ẹjọ́.

Kí wọ́n tún béèrè ní Nigeria Mining Cadastre Office l'Ábújá bóyá wọ́n ti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọ́ òkúta níbẹ̀. Ohun ìtìjú gbáà ni kí òkè tó ń jẹ́ orúkọ akọni di gráfẹ́ẹ̀lì tí tírélà ń kó lọ.

Àwọn máàpù àtijọ́ wa, Minna ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n wọn. Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n mìíràn, WGS 84, ni GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí a wà hàn, ń lò. Ní sàkáání Ìlọrin, ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 100. Níbi tí àpáta ti tò gba ara wọn, ìyẹn tó láti gbé orúkọ ka òkè tí kò tọ́. Kí awọnlẹ̀ kọ irú ìwọ̀n tó lò sínú ìwé.

Kí wọ́n má fi ipò ológun sínú orúkọ, torí wọ́n lè gbé òkú ga sí ipò mìíràn. Kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Kí wọ́n má fi bàbà tàbí irin kọ ọ́, àwọn tó ń ṣa irin tà á yọ ọ́. Iná ìgbẹ́ á sì jó ọ̀dà. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ní ìsàlẹ̀ òkè, létí ọ̀nà, kó jìn tó mìlímítà 5.

Oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ló yẹ kí wọ́n lọ wọn òkè. Iná ti jó koríko nígbà náà, àpáta sì hàn dáadáa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àpáta á máa yọ̀, ẹsẹ̀ ò ní í ràn mọ́ ọn.

Òǹkàwé yín,
Tankẹ́, Ìlọrin