Ọwọ́ Bàbá Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Nígbà tí a ṣe ìsìn àìsùn Bàbá Mẹkáníìkì tán, mo jáde síta, mi ò rí ọ̀nà gbà. Ọkọ̀ ti kún láti ẹnu géètì wọn títí dé ojú títì: Micra àwọn onítakisí, Sienna kan tó ń ná Ìbàdàn sí Ṣakí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹja tútù. Awakọ̀ Sienna yẹn rọra gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, Bàbá ló ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Ọdún karùn-ún rèé, a ò tíì tú u." Ìyá ẹlẹ́ja náà fà mí lápá. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òun kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹja ti ń yọ́, kò sì sówó lọ́wọ́ òun. Bàbá kọ́kọ́ tún un ṣe ná, ọjà mẹ́ta ni òun sì fi san gbèsè náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú ń fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn mí.

Orí kẹsàn-án ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ló sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, tí Pétérù dé yàrá òkè, àwọn opó dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí obìnrin náà dá hàn án. Kò sẹ́ni tó kàwé ìtàn ayé rẹ̀ létí Pétérù. Aṣọ ni wọ́n nà síta.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ̀ pé ara Peugeot 504 ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975. Láyé ìgbà yẹn, etí ni wọ́n fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Bàbá á ní kí ẹ sítáàtì ọkọ̀, wọ́n á fi ẹnu irin gígùn kan ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọ́n á dijú. Nígbà tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà wá gbòde, etí nìkan ò tó mọ́. Láti 1996 ni ó ti di dandan níbẹ̀ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ihò kan tí wọ́n á ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn ló pa ṣọ́ọ̀bù tì nítorí rẹ̀. Bàbá, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lọ jókòó ti ọmọ tí àwọn fúnra wọn fún ní fríìdọ̀mù, wọ́n ní kó kọ́ àwọn. "Ọ̀gá mi" ni wọ́n ń pè é lójú àwọn oníbàárà. Ó máa ń wú mi lórí.

Ẹni tí wọ́n bá bá ra páàtì ní Àràròmí, ní Gate, á gba ògbólógbòó rẹ̀ padà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú rìsíìtì. Nígbà kan tí ọkọ̀ mi ń gbóná, ẹnì kan ti sọ fún mi pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, pé a máa tú ẹ́ńjìnnì. Bàbá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn óìlì yọ. "Pásítọ̀, ẹ wò ó. Bí omi bá wọ inú óìlì, á funfun bíi tíì oní-mílíìkì. Èyí mọ́. Kò sì da èéfín funfun." Họ́ọ̀sì omi kan ló ya. Owó tí mo ti yá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ọjọ́ kejì ni mo dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Àràárọ̀ ni Bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó gbé e; bó bá ń jò, ilẹ̀ á sọ. Ìyá, aya Bàbá, sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wo ojú àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Èyí tí ojú rẹ̀ ò bá dùn, Bàbá á mú un lọ fúnra wọn, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́nà. Aago méje ìrọ̀lẹ́ kì í bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò bá parí lónìí lè sùn síbẹ̀, àmọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ sùn láìrí àwọn.

Sátidé tó bá ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, wọ́n á fi Omo fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi kànìnkànìn gbo ó. Síbẹ̀ dúdú óìlì kì í tán lẹ́sẹ̀ èékánná wọn. Wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ sí mi láti gba búrẹ́dì, wọ́n á máa wolẹ̀. Ó dùn mí pé mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n gbójú sókè.

Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, à ń pe àwọn tó fowó ńlá sílẹ̀ síwájú. A ò pe Bàbá rí, àwọn tí wọ́n ń tún bọ́ọ̀sì ìjọ ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ka Ẹ́kísódù 31. Ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì dárúkọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún kì í ṣe àlùfáà. Bésálẹ́lì ni, oníṣẹ́ ọwọ́, tó ń ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ rí, mi ò sì mú un dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó wà ní ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá níṣojú àwọn ọmọ wọn. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà.

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, oṣù méje péré ló sì kù kí àgbà inú wọn gba fríìdọ̀mù. Ọmọ tó kọ́ Bàbá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti gbà láti parí ìkọ́ṣẹ́ náà fún wọn. Ìjọ á gbọ́ ìnáwó fríìdọ̀mù náà. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì wa, Bàbá fi máka kọ iye kìlómítà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ óìlì sí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú sípánà Bàbá. Èmi ni màá bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú.

Olùṣọ́-àgùntàn yín