Ìdí tí bàálù wa fi jókòó, àti dọ́là mẹ́fà tó gun orí owó wákàtí

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú sùúrù. Mo ti fi ti gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ kílọ́ọ̀bù tó ń fò bàálù wa, àmọ́ ẹ̀yin mẹ́fà tí a jọ ń sọ Yorùbá ní Houston níbí, ẹ̀ ń pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan pé "Bọ̀dá, kí ló ṣe bàálù gan-an?", ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ́ńjìnnì ni. Sílíńdà kẹta. Ẹ mọ̀ pé bàálù tí èèyàn bá fi ń kọ́ni gbowó, òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ní tó bá ti fò wákàtí 100, mẹ̀káníìkì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, yàtọ̀ sí ti ọdọọdún tó jẹ́ dandan fún gbogbo bàálù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn tí agbára ẹ̀ tó 80 psi sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wò ó bóyá á dúró. Mẹ́ta dúró lókè 70. Ìkẹta já sí 52. Mẹ̀káníìkì ní kí n wá gbé etí sí ẹnu sàlẹ́ńsà, mo gbọ́ ọ tó ń ṣe fúùùù bíi táyà kẹ̀kẹ́ tó ń jò: fáàfù tí èéfín ń gbà jáde ni kò pa dé mọ́. Àwọn kan ní ṣebí ó ṣì ń fò, lóòótọ́ ó ń fò, irú fáàfù bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń kán sójú sánmà. Wọ́n ti gbé sílíńdà náà lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi.

Ó ku ti owó. Dọ́là 150 la ń gbà ní wákàtí kan, epo wà nínú ẹ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀ ó di 156. Kì í ṣe torí sílíńdà yìí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ tí Cessna 172 wa ń mu ní wákàtí kan, gbogbo wa la rí ìyẹn. Èyí tí ojú ò rí ni pé Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ní tó bá ti lo wákàtí 2,000, ká tú u palẹ̀ ká tún un tò. Nígbà tí mo rà á, mo pín owó iṣẹ́ yẹn sí 2,000, mo rí dọ́là 10, òun ni mo ń yọ sọ́tọ̀ nínú gbogbo wákàtí tí ẹ bá fò, mi ò sì tún un ṣírò mọ́ láti ìgbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo béèrè, wọ́n pe 32,000. Dọ́là 16 ní wákàtí kan nìyẹn, ibẹ̀ ni dọ́là mẹ́fà yẹn ti wá. Àṣìṣe tèmi ni, torí náà àwọn wákàtí tó ti kọjá, èmi ni mo máa gbé e, mi ò ní bi yín. Owó ilé tí bàálù ń sùn àti ìnṣọ́ránsì ńkọ́? Àwọn yẹn ò mọ̀ pé ó jókòó, mò ń san wọ́n lọ ní tiwọn.

Ẹ gbà mí láyè kí n ráhùn díẹ̀. Epo 100LL tí à ń rà ní òjé nínú, tí ẹ bá ń wa bàálù nílẹ̀ tí kọ́nọ́bù pupa tó ń díwọ̀n epo wọlé pátápátá, òjé yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ pọ́lọ́ọ̀gù. Ẹ fà á síta díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Lóṣù tó kọjá ẹnì kan ń dán magneto méjèèjì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gù níná wò kó tó gbéra, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ti òsì, ìyípo ẹ́ńjìnnì já ju 125 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ó padà, ó pa á, ó lọ sílé ẹ̀. Pípadà yẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan sínú ìwé! Àǹtí kan wakọ̀ wákàtí kan wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá bá a bẹ́ẹ̀. Àǹtí yìí kan náà ló bá bátìrì tó ti kú nígbà kan torí ẹnì kan gbàgbé láti pa swíìṣì master tó ń gbé iná bátìrì wọ inú bàálù, ẹ má bi mí ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù.

Owó kílọ́ọ̀bù tí ẹ máa ń san lóṣooṣù, ti oṣù yìí, ìdajì ni mo máa gbà. Tí sílíńdà bá dé, ó níláti sáré dáadáa kí ríǹgì ẹ̀ tó jókòó, torí náà kò ní sí fò-balẹ̀-fò-balẹ̀ fún bíi wákàtí 10 àkọ́kọ́, èmi ni mo máa gbé e jáde. Tí mo bá ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ẹni tó bá fẹ́ wá jókòó tì mí kó pè mí, mi ò ní gba kọ́bọ̀.