Àyẹ̀wò DNA kọ́ ló ń dájọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ kan níbí ní Àbújá, níbi tí ẹ ti sọ pé àyẹ̀wò DNA ti dá afurasí lẹ́bi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí gan-an ni mo ń ṣe, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá àti akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ní Gwagwalada lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà n kò lè dákẹ́ sí i.

Ohun tí àyẹ̀wò náà lè sọ kò ju ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí àtọ̀ kan ti lè wá. Kò lè sọ ìgbà tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bóyá tìfẹ́tìfẹ́ ni tàbí tipátipá. Táyé àti Kẹ́yìn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìbejì ti pọ̀ tó láàárín wa. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí onímọ̀ wá sọ èrò rẹ̀ ní kóòtù, ṣùgbọ́n adájọ́ ni yóò gbé èrò náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rí yòókù.

Ẹ wo ẹjọ́ tó sọ ìmọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pa ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan lọ́dún 1983, èkejì lọ́dún 1986. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lòun pa èkejì, kí Alec Jeffreys, tó ṣàwárí ọ̀nà àyẹ̀wò náà ní Yunifásítì Leicester lọ́dún 1984, tó fi hàn pé kì í ṣe ọmọ náà. Aláìṣẹ̀ ni DNA kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá wá ń gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin bí 5,000 ládùúgbò, Colin Pitchfork tó ṣiṣẹ́ ibi náà bẹ ẹlòmíì kó lọ fa ẹ̀jẹ̀ lórúkọ òun, ó sì mú un jẹ! Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bẹ̀ níṣẹ́ sọ nílé ọtí ló tú u fó lọ́dún 1987.

Ibi tí ẹjọ́ tiwa ti ń bàjẹ́ tún wá yàtọ̀. Wọ́n gbé bùbá ọmọbìnrin kan tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n so ní kókó mẹ́ta. Bí mo ṣe tú u, òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Aṣọ náà ti bu, àbàwọ́n tí à ń wá kò sì wúlò mọ́. Ìyá ọmọ náà ló fi ọ̀rá dì í, ó rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀rí ni, n kò sì bá a wí. Àmọ́ ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sì sí ìwé kankan tó sọ àwọn tó tún fọwọ́ kàn án.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọ̀pọ̀ Sátidé kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sá aṣọ tútù síbi tí oòrùn kò sí, kí wọ́n tó fi bébà dì í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde: ẹni tí wọ́n bá fipá bá lòpọ̀, kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ, kó sì tètè dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé.

Èmi ni tiyín,
Onímọ̀ àyẹ̀wò DNA kan,
Gwagwalada, Àbújá.