Ìkéde fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Ẹ Fojú Sílẹ̀ Nítorí Áìsì

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, a kí yín o. Oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní áìsì, tí àwọn Ìbò ń pè ní mkpuru mmiri, ti ń dẹ́rù bà wá. Ó ń dán bíi yìnyín tó fọ́. Ẹni tó ń fà á lè má sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, á máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, eyín rẹ̀ á sì máa jẹrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àsasí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin onílé, ọ̀rọ̀ yín rèé gan-an. Kẹ́míkà tí àwọn ayálégbé kan fi ń se áìsì nínú ilé máa ń gbiná. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri àti kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó lọ. Ọmọ tó ń rá kiri nílẹ̀ ló máa kó o sẹ́nu. Bí ayálégbé bá fi nílọ́ọ̀nù dúdú bo fèrèsé, tí òórùn bíi ìtọ̀ ológbò ń jáde lóru, ẹ má wọlé, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan. Ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, sórí 080010203040, ọ̀fẹ́ ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́