Ọkọ̀ Gun Ọkọ̀

London,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fúyẹ́? Àwa náà wà níbí, òtútù ni kò jẹ́ ká gbádùn. Mo rí fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ tí o fi ránṣẹ́. Ojú Bàbá àgbà ló gbé wá sáyé gẹ́lẹ́, pàápàá iwájú orí yẹn. Fọ́tò náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí lónìí. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kọjá ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí tíṣà wa ń kọ́ wa nípa afárá Jẹ́bà? Ó ní ọdún 1916 ni wọ́n parí afárá náà lórí Odò Ọya. O nawọ́ sókè, o ní Bàbá àgbà, bàbá bàbá rẹ, sọ fún ọ pé kí afárá tó wà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé rélùwéè sọdá, pé ọkọ̀ máa ń gun ọkọ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, èmi tí mo jẹ ẹ̀wà nílé yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Odidi táàmù kan ni wọ́n fi ń pè ọ́ ní "Ọkọ̀-gun-ọkọ̀". O ò bá mi jà. O kàn kó ìwé rẹ, o lọ jókòó síbòmíràn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ohun tó dá a padà ni kóòṣì rélùwéè kan tí mo rí ní York, nígbà tí ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè tó wà níbẹ̀. Búlúù ni wọ́n kùn ún, ó dúdú díẹ̀ bí aṣọ aró. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 3792. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣe é, inú rẹ̀ sì pín sí yàrá kéékèèké 9, tí bẹ́ẹ̀dì, ìfọwọ́ àti fèrèsé wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò ó gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń wo ohun àtijọ́, títí mo fi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára pé kóòṣì yìí máa ń sọdá òkun lọ sí Paris, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó sùn sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mọ́. Ohùn rẹ ni mo gbọ́ nínú kíláàsì ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá a kà. "Night Ferry" ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Oṣù Kẹwàá ọdún 1936 ló bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ìrìn rẹ̀ ṣe rí: ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, èrò á dé ibùdókọ̀ Victoria níhìn-ín ní London. Ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè ti máa yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Á fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ lé ẹni tó ń bójú tó kóòṣì lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i lójú oorun lóru. Á bọ́ṣọ, á dùbúlẹ̀. Rélùwéè á gbé e dé Dover létí òkun, ọkọ̀ ojú omi á gbé rélùwéè, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a ní Dunkerque, ní ilẹ̀ Faransé. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní Paris. Ó ti la òkun kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo.

Ká tó dé ọdún yẹn, ẹni tó bá ń gba Dover àti Calais lọ sí Paris láti London gbọ́dọ̀ sọ̀ ní Dover, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó tún sọ̀ ní Calais, kó wá rélùwéè mìíràn wọ̀. Bí àwọn olówó ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Golden Arrow, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929, àwọn ọlọ́lá ló ń gbé, ọkọ̀ ojú omi Canterbury sì ń dúró dè wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń bọ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn tiwa náà ń wá sílùú yìí nígbà yẹn. Ọdún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi fi ń gbé wọn láti Èkó dé Liverpool, kí wọ́n tó wọ rélùwéè wá síbí.

Àkànní, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe, torí mo mọ̀ pé ìwọ tí o ṣiṣẹ́ mẹ́káníìkì á fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n kan náà ni ojú irin Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 ààbọ̀ láàárín irin méjèèjì. (Tiwa tí àwọn òyìnbó wá ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni.) Ṣùgbọ́n ihò tí rélùwéè ń gbà la inú òkè kọjá àti afárá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì há ju ti Faransé lọ. Kóòṣì Faransé á ha ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Wagons-Lits, tó ni àwọn kóòṣì wọ̀nyí, fi ní kí wọ́n ṣe wọ́n lọ́tọ̀, tí ara wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá le ni Dover. Omi òkun ibẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó mítà 6. Bí ọkọ̀ ojú omi bá gbéra sókè báyìí pẹ̀lú omi, tó tún rẹlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, báwo ni irin orí ilẹ̀ ṣe máa bá irin inú ọkọ̀ dọ́gba? Ohun tí wọ́n rò ni pé kí wọ́n gbẹ́ àyè kan sétí èbúté tí ọkọ̀ á wọlé sí, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ńlá lẹ́yìn rẹ̀, kí pọ́ǹpù sì máa fa omi wọlé tàbí kó máa fà á jáde títí irin méjèèjì á fi ṣe déédéé. Dunkerque kò ní ìyọnu yìí rárá, torí omi èbúté inú lọ́hùn-ún ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ilẹ̀ Dover, ẹfun ni. Àwọn òkè funfun tí o máa ń rí nínú fọ́tò yẹn, ẹfun ni gbogbo rẹ̀, ó sì kún fún ihò àti sísán. Bí wọ́n ṣe ń fa omi jáde ni omi ń gba abẹ́ ẹfun padà wọlé. Wọ́n fà á tì. Nígbà tó yá, wọ́n jáwọ́ nínú gbígbẹ́ ibẹ̀, wọ́n wá ń da kọnkéré sísàlẹ̀ omi, àwọn òmùwẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí wọ́n kàn fún iṣẹ́ náà, Twickenham Ferry, Hampton Ferry àti Shepperton Ferry, ti ṣe tán kí èbúté tó ṣe tán. Wọ́n dúró gbọn-in, wọ́n ń retí. Mo ronú nípa àwọn òmùwẹ̀ yẹn títí. Òtútù òkun yìí kì í ṣe kékeré, mo ti fi ọwọ́ kàn án.

Inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú irin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kóòṣì oníbẹ́ẹ̀dì 12 ló lè gbà. Wọn kò jẹ́ ti gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á já rélùwéè náà sí méjì sí mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì á máa rọra ti kóòṣì wọlé, bí apá ọ̀tún bá gba díẹ̀, apá òsì á gba tirẹ̀, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló wá kan ṣéènì. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ abẹ́ kóòṣì, wọ́n á fi ṣéènì ńlá de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ìgbì má baà jù ú nù. Ariwo irin yẹn, àwọn tó wọ ọkọ̀ náà sọ pé ó ń jí èèyàn. Oorun tí wọ́n ń polówó rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò rí i sùn. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, nínú rélùwéè! Mo rò pé ẹni tó bá rí i kó tó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á là díẹ̀.

Àwọn tó lówó bẹ́ẹ̀dì ni mo ń sọ o. Rélùwéè kan náà ń gbé àwọn tó ra ìjókòó lásán. Ìyẹn á sọ̀ ní Dover láàárín òru, á gbé ẹrù rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn wọ ọkọ̀ ojú omi, á jókòó síbẹ̀ títí dé Dunkerque, kó tó wọ rélùwéè mìíràn. Ibẹ̀ ni Bàbá àgbà ì bá wà. Tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ kóòṣì pẹ̀lú ṣéènì lọ́wọ́.

Mo tún rí i pé kì í ṣe Night Ferry ló kọ́kọ́ gbé rélùwéè sọdá omi. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, lọ́dún 1918, ni irú ọkọ̀ yìí ti ń kó ìbọn ńlá àti ẹrù ogun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Faransé. Nígbà tí ogun parí, wọ́n mú àwọn ọkọ̀ náà lọ sí Harwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1924 ni wọ́n sì ti ń kó ọjà lọ sí Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹrù nìkan, kò sí èrò. Jámánì àti Sweden ti ń ṣe é láàárín Sassnitz àti Trelleborg láti ọdún 1909. Ọdún 1909, Àkànní! Ọdún yẹn gan-an ni ojú irin láti Èkó dé Jẹ́bà. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń yangàn pé rélùwéè ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí Odò Ọya, láti ìgbà tí ojú irin dé etí odò títí afárá fi parí lọ́dún 1916. Mo ti kà á nínú ìtàn rélùwéè ilẹ̀ wa. Bí Bàbá àgbà ṣe sọ ọ́ ló rí. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n ń ti kóòṣì létí odò, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rí.

Night Ferry kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ogun dé lọ́dún 1939, wọ́n dá a dúró, ó di oṣù Kejìlá 1947 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá 1980 ló sùn títí láé.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí Dover fúnra mi. Mo gun òkè ẹfun lọ. Ojú ọjọ́ mọ́, mo rí ilẹ̀ Faransé lókèèrè bí okùn tín-ín-rín. Atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan, ohun tí mo sì ń sọ lẹ́nu ni "ọkọ̀ gun ọkọ̀, ọkọ̀ gun ọkọ̀". Èdè wa ló dùn bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà la fún méjèèjì. Obìnrin kan tó ń mú ajá rìn wò mí, ó kọjá lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo mọ̀, o sì lè ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé mọ́. Òótọ́ lo sọ, mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín níwájú èèyàn, mi ò sì lọ bẹ Bàbá àgbà kí wọ́n tó lọ. Nígbà tí o bá tún lọ síbi tí wọ́n sin wọ́n sí, bá mi sọ fún wọn.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ bi ọ́, torí nígbà tí Bàbá ń sọ ọ́ lábẹ́ igi ìyeyè yẹn, mi ò fetí sílẹ̀. Ọya máa ń kún lásìkò òjò, ó sì máa ń fà lọ́gbẹlẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí irin etí odò bá irin inú ọkọ̀ dọ́gba? Ṣé Bàbá sọ ọ́ rí? Ṣé ṣéènì ni wọ́n fi ń de kóòṣì, àbí okùn? Jọ̀wọ́, bi ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, àwọn ló máa ń gbé omi fún Bàbá, àwọn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn jù. Kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí, kékeré ni o, ńlá ni o, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí